Ọdún tí Ọ̀dùnkún Gba Ipò Búrẹ́dì

Ohùn tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní agbo ilé wa ní Èrúwà kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Ohùn ìgbálẹ̀ ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í jẹ́ kí oòrùn bá pàǹtí àná lójúde. Bó bá ti gbálẹ̀ dé ìdí igi káṣú ẹnu ọ̀nà, á fi ìdí ìgbálẹ̀ lu àtẹ́lẹwọ́, pá, pá, á ní, "Ẹni tó bá ṣì ń sùn, oúnjẹ ara rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́." Àwa ọmọ á fò dìde. Èmi á gbé korobá, ó di ẹ̀bá kànga. Àwọn awó tí bàbá mi ń sìn á máa ké lórí òrùlé páànù, èéfín á máa yọ láti ilé ìdáná ìyá mi, òórùn ògì gbígbóná á sì gba gbogbo àgbàlá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà kò lè jí. Àbúrò mi ni, Sìdíkátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sìdí. Orí ẹní la ó ti bá a, tí yóò la ojú sílẹ̀, tí kò ní dìde.

Ikùn Sìdí tóbi bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Irun orí rẹ̀ pọ́n, ó fọ́nká. Àwọn tí wọ́n bí tẹ̀lé e ti ń fi agolo pọn omi, òun ṣì ń na ọwọ́ sí mi pé kí n pọn òun. Bí a bá ń ṣeré lójúde, àwọn ọmọ ilé kejì á máa kọrin, "Sìdí oníkùn ìlù, ta ni yóò bá wa lù ú!" Èmi á sì lé wọn dé ìdí ògiri. Ìgbẹ́ gbuuru kì í dá lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn aràn. Wọ́n fún un ní àgbo, ó mu ún, ó pọ̀ ọ́. Ohun tí kò wọ́n rárá nílé wa nígbà náà ni búrẹ́dì. Ẹ mọ bí àwa èèyàn wa ti ń ṣe. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, búrẹ́dì la fi ń lọ kí i. A ó po tíì, a ó bu mílíìkì sí i, a ó já búrẹ́dì sínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, a ó ní kí aláìsàn máa fi ṣíbí mu ún nítorí oúnjẹ tí kò ní wàhálà nìyẹn. Bí àìsàn Sìdí bá ti ń le sí i ni búrẹ́dì ń pọ̀ sí i. Èyí tó dùn jù lọ ni ti Alhája, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń ṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn. Bí tásì rẹ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn búrẹ́dì á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Òun nìkan ni oúnjẹ tí kò kọ̀ rí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, gbogbo wa kó lọ sí abà bàbá mi ní apá Lánlátẹ̀, nítorí ebè kíkọ àti àgbàdo gbíngbìn. Ìyá mi kò fẹ́ fi Sìdí sílẹ̀, ó pọ̀n ọ́n lọ. Iṣu tó kù nínú àká, èyí tí wọ́n fẹ́ gbìn ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ohun tó wà fún jíjẹ ni gàrí àti ọ̀dùnkún tí bàbá mi gbìn sí àkùrọ̀, létí odò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dùnkún láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, ọ̀dùnkún lálẹ́. À ń sun ún nínú eérú gbígbóná, à ń sè é tèèpotèèpo, ìyá mi a sì máa se é ní àsáró pẹ̀lú epo àti ẹja gbígbẹ. Bàbá mi ń ráhùn pé òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń fún ní ìtàkùn àti iṣu ìtàkùn. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa Sìdí, àfi ìgbà tí mo padà dé láti odò ní ọjọ́ kan tí mo bá a lórí òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn abà, tó ń ju òkúta mọ́ aláǹgbá. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó rìn débẹ̀, ó gùn ún. Mo pariwo pe ìyá mi. Ìyá mi jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, ó wò ó. Ó kàn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò ó títí tí oòrùn fi kúrò lórí ọ̀gán náà.

Ayọ̀ ni a gbé wọ Èrúwà. Ikùn Sìdí ti lọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún. Kí ni àwọn aládùúgbò ṣe? Wọ́n wá bá wa yọ̀, wọ́n mú búrẹ́dì dání. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sìdí tún padà sórí ẹní. Gbogbo agbo ilé ní afẹ́fẹ́ abà ló bá a lára mu. Ìyá mi nìkan ni kò gbà. Obìnrin tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ kọjá ìwé kejì ni, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá rú u lójú, kì í sùn lé e. Ó fún Sìdí ní tíì nìkan, ó ṣọ́ ọ. Kò ṣe é ní nǹkan. Ó fún un ní mílíìkì, ó tún ṣọ́ ọ. Ó fún un ní àkàrà, ògì, ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, gbogbo rẹ̀ lọ láìsí wàhálà. Ó wá fún un ní búrẹ́dì gbígbẹ tí kò ju ìka méjì lọ. Kó tó di ọ̀la, ikùn ti le gbandi, ìgbẹ́ gbuuru ti padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí wọ́n fún un ní sẹ̀mó níbi ìsọmọlórúkọ kan, àti nígbà tí ẹnìkan fi bisikíìtì pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá mi lọ bá ẹni tó ń ta sẹ̀mó, ó ní kí ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ní àlìkámà. Ó lọ bá ẹni tó ń yan búrẹ́dì. Àlìkámà. Bisikíìtì ńkọ́? Àlìkámà náà ni. Lónìí tí mo ti ka ohun tí ọwọ́ mi tó, tí mo ti da ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì láàmú pẹ̀lú ìbéèrè, mo mọ̀ pé ohun kan wà nínú àlìkámà tí ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ fà bíi gọ́ọ̀mù tí wọ́n bá pò ó, òun náà ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Gúlútìn ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan wà tí ìfun wọn kò gbà á rárá. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, ìfun wọn á máa bó, oúnjẹ mìíràn tí wọ́n bá jẹ kò ní lè dúró lára wọn. Kò sí èyí tí ìyá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó mọ̀ ni pé àlìkámà àti ọmọ òun kò lè gbé inú ilé kan náà.

Ọjọ́ tó sọ ọ́ jáde, Alhája wà nílé. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní kí gbogbo ẹbí jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún Sìdí ní búrẹ́dì mọ́.

"Kí ni yóò wá máa jẹ?" Alhája béèrè.

"Ọ̀dùnkún, mà. Àti ohun yòókù tí ilẹ̀ wa ń mú jáde."

Alhája wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú àbúrò rẹ̀ tí í ṣe bàbá mi, ó bú sẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó ń ṣàìsàn, wọ́n fẹ́ gba búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ọ̀dùnkún sí i. Oúnjẹ ìyàn!"

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ mi orí, ó fi orúkọ tèmi pe ìyá mi. "Ìyá Múínà, àwọn àgbà ní ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ṣé ìwọ gbọ́n ju àwọn àgbà lọ ni?"

"Mi ò gbọ́n jù wọ́n lọ, Ìyá. Ti Sìdí ló yàtọ̀."

"Ó dáa," Alhája dáhùn, ó so gèlè rẹ̀ le. "Mo ń padà bọ̀ nígbà ìkórè. Bí ọmọ yìí bá ṣì rí báyìí, mò ń mú un lọ sí Ìbàdàn, èmi ni n ó máa tọ́ ọ. Mi ò ní jókòó kí ìyàwó ilé máa fi ebi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tó ń wí, ọmọ ara rẹ̀ ló pe ọmọ tí ìyá mi bí, nítorí bí ilé wa ti ń ṣe nìyẹn, ọmọ kì í ṣe ti ìyá nìkan. Kò sí ohun tó lè dí i lọ́wọ́ bí bàbá mi kò bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní, "Ìyá Múínà, mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fún ọ títí di ìgbà tí wọ́n bá wa ọ̀dùnkún." Ìyá mi dúpẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ọkọ́, ó kọjá sí ẹ̀yìn ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀dùnkún, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kódà lónìí. Orí ìtàkùn ló dára fún gbíngbìn, kì í ṣe ìdí rẹ̀ tó ti gbó. A ó gé e níwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, a ó jẹ́ kó rọ díẹ̀ níbi ibòji, a ó wá tẹ̀ ẹ́ wọ orí ebè ní ìdábùú, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Bí ó bá ti ń fà káàkiri, a ó máa gbé e sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí bó bá ta gbòǹgbò síbi gbogbo, ewé rẹ̀ nìkan ló máa pọ̀. Bí ebè bá sán, ọ̀dùnkún ti ń tóbi nísàlẹ̀ nìyẹn. Ká yára fi iyẹ̀pẹ̀ dí ibi tó sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tí kòkòrò bá sì ti wọ̀, bí a sè é, bí a sun ún, kíkorò ni. Irú mẹ́ta ni ìyá mi gbìn. Ọ̀kan pupa lẹ́yìn, funfun nínú, ó gbẹ bí iṣu, òun ló dára fún sísun. Ọ̀kan funfun tinú tẹ̀yìn, ó ní omi, òun la fi ń se àsáró. Ìkẹta, inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin, Sìdí sì lè tìtorí rẹ̀ bá ènìyàn jà. A kì í sì í sè é lọ́jọ́ tí a bá wà á. Ó ní láti sinmi níbi ibòji fún ìgbà díẹ̀ kí adùn tó wọ inú rẹ̀.

Kí tiwa tó ta, bàbá mi ń kó ti àkùrọ̀ wá láti abà. Àwọn ọ̀rẹ́ Sìdí a máa di búrẹ́dì mú lọ́wọ́, wọ́n á máa já a jẹ, ọ̀dùnkún sísè kò sì ṣeé dì mú bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń fọ́. Ìyá mi rí bí ọmọ náà ti ń wo ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rin ọ̀dùnkún, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti alùbọ́sà pò ó, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sè é. Ti àkọ́kọ́ le tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi ní kí a gbé e lọ fún bíríkìlà. Èyí tó tẹ̀ lé e ṣàn bí ògì. Ìyá mi kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó tún rin òmíràn. Nígbà tó yá, ó jáde bó ṣe yẹ, ó ṣeé gé, ó ṣeé dì mú, Sìdí sì ń gbé e kiri ojúde. Àwọn tó ń kọrin oníkùn ìlù ni wọ́n wá ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Sìdí, fún wa tọ́ wò."

Síbẹ̀, ọmọ tó ti ń gbéra tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ìyá mi wádìí títí ó fi rí ẹ̀rún búrẹ́dì lára aṣọ rẹ̀. Kò nílò láti béèrè. Ìyá Àgbà nìkan ni Sìdí ń lọ bá lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, Ìyá Àgbà sì ní ìṣẹ́tí aṣọ kan tí kò sí ohun tí kì í jáde níbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Àánú ọmọ náà ló ń ṣe é. Mo rò pé ìjà máa bẹ́. Ńṣe ni ìyá mi wọ yàrá lọ, ó ká ẹní Sìdí, ó mú abọ́ rẹ̀, ó lọ kó wọn sí ẹnu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó o."

"Òo. Ẹní ta nìyí?"

"Ti Sìdí ni. Láti òní, ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa wà. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fún un jẹ. Mi ò ní béèrè."

"Ṣé ò ń bínú sí mi ni, Ìyá Múínà?"

"Rárá o. Kí ló dé tí n ó fi bínú? Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín. Bí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀yin náà ni kí ẹ máa gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ẹ̀yin náà ni kí ẹ sì máa fọ aṣọ rẹ̀."

Ìyá Àgbà yínmú, ó fa ẹní wọlé. Ojú wa ló ṣe tó po tíì, tó já búrẹ́dì sí i, tó ń ké sí gbogbo ilé pé kí a wá wo ọmọ tó ń jẹun. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilé ìdáná, kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀wà tó dára ló ń jù sọ́dọ̀ adìyẹ. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Àgbà fọ aṣọ. Ó sá a tán, ó tún fọ òmíràn. Ó gbé Sìdí lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé e bọ̀, ó tún gbé e padà, ó di ìbàdí mú. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ kò dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Bí mo ti ń bọ̀ láti kànga ni mo gbọ́ tó pe ìyá mi láti inú yàrá.

"Ìyá Múínà! Wá."

Ìyá mi sáré lọ.

"Ọ̀dùnkún yẹn," Ìyá Àgbà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́, "báwo lo ṣe ń sè é?"

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó le bíi tirẹ̀. Bí àlejò bá mú búrẹ́dì wá, á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, á ṣàdúà fún un, á sì pín in fún àwa ọmọ yòókù lójú ẹsẹ̀ kó tó tutù. Àwa kò bẹ̀rù àlejò lọ́dún yẹn. Sìdí a máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dùnkún tirẹ̀, nígbà mìíràn omijé á wà lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà kì í sọ fún un pé kó má sunkún. Á kàn bó ọ̀dùnkún náà fún un, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dákẹ́.

Ọjọ́ tí Alhája padà wá, ẹ̀yìn ilé ni a wà, à ń wa ọ̀dùnkún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó di búrẹ́dì ńlá kan mọ́ àyà, ó sì kọ́kọ́ ko ọmọbìnrin kan tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, tó ń fi gbogbo agbára fa ìtàkùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, lọ bá mi pe Sìdí wá. Ní kó wá múra, tásì ń dúró."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Èmi rèé, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

Alhája gbé e sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀ kó lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Alihamudulilai! Alihamudulilai!" Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ayọ̀ náà ló sì mú kó ṣe ohun tí ó mọ̀ láti fi yọ̀. Ó já búrẹ́dì náà, ó gé èyí tó tóbi, ó fi í sí Sìdí lọ́wọ́. "Gbà, jẹ ẹ́. Ara rẹ ti yá báyìí, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan mọ́."

Gbogbo wa dúró. Kò sí ẹni tó lè gba ohun tí Alhája fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ. Ìyá Àgbà la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá mi mi orí sí i, ó di ọkọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò ní lè tẹ̀ lé e dé gbogbo ilé tí yóò ti jẹun láyé. Sìdí gbé búrẹ́dì náà sí imú, ó fín in pẹ́. Mo rí i tó gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sórí itan Alhája, tó ti jókòó sórí ebè láìmọ̀.

"Ẹ ṣé, mà. Ó ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n inú mi kì í gbà á. Ẹ fún Àǹtí Múínà."

"Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Inú mi ni, mà."

Alhája yíjú sí ìyá mi. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyá Múínà, kí wá ni kí n máa mú bọ̀ fún un láti Ìbàdàn? Ṣé ọwọ́ òfìfo ni kí n máa fi wọlé bàbá mi ni, tí àwọn ọmọ..."

"Ẹja, mà," ìyá mi kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ẹja yíyan, èyí tó lórí."

"Kí o sì máa mú búrẹ́dì tèmi bọ̀ o," Ìyá Àgbà ké láti ẹ̀yìn. "Inú tèmi gbà á!"

Ẹ̀rín sọ. Alhája nu ojú, ó nu iyẹ̀pẹ̀ ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní kí a máa ka ẹja náà sí tiwa. Awakọ̀ ti ń fun fèrè lójúde. Bàbá mi ṣa àwọn ọ̀dùnkún tó dára jù sínú àpò, èmi àti ìyá mi gbé e jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kún fún àwọn ìdì aṣọ, ibì kan ṣoṣo tó ṣófo ni ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhája, níbi tó ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún Sìdí. Níbẹ̀ ni a gbé àpò ọ̀dùnkún náà jókòó sí, ó sì bá a lọ sí Ìbàdàn.